Owó Àríkẹ́ Lọ́wọ́ Rájí

Ìyá Àríkẹ́ kó owó iléèwé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún Rájí, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń ṣẹ́ owó ní Ìsẹ́yìn. Rájí ní òun yóò dúró kí pọ́n-ùn wálẹ̀, kí ìyá lè jèrè. Pọ́n-ùn ń gòkè, iléèwé sì fẹ́ lé Àríkẹ́.

Ìyá gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ìlasa lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jẹ́ kó jẹun yó.

“Rájí ọmọ mi, bí ẹ̀bìtì ò bá pa eku, ṣe ló yẹ kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn.”

Ojú ti Rájí. Ó kó owó jáde, ó sì gbé ìyá lọ sí báńkì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Àríkẹ́ ti sanwó.

Rájí wá dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, màámi.”

“Ta ló ń bínú? Abọ́ ọbẹ̀ mi ńkọ́? Òun náà ò tíì wálé.”