Àtíbàbà Mẹ́ta ní Ìgbójà

Ní ìlú Ìgbójà, létí odò Ọya, Baba Aríwajoyè ni ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ títo eegun. Abẹ́ àtíbàbà kan ni ọmọ Yorùbá, ọmọ Tápà àti ọmọ Ìbàrìbá jọ ń jókòó sí, títí ìjà ilẹ̀ oko fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn òbí wọn. Ọ̀tún Ládéjọbí wá pàṣẹ pé kí wọ́n pín àwọn ọmọ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí abẹ́ àtíbàbà mẹ́ta.

"Ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́," ni Baba wí, "bí ẹ bá pín wọn, ẹ̀kọ́ ni ẹ pín."

"Ṣé ẹnu ọmọ àlejò ni tiwa yóò ti gbọ́n ni? Baba, ọ̀rọ̀ wèrè nìyẹn."

Ará ìlú gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sọ arúgbó náà ní Baba Wèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ láti àtíbàbà kan dé òmíràn, tí ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Ó rẹ̀ ẹ́ dé ọkàn. Èyí tó dùn ún jù ni pé ẹ̀kọ́ náà kò wọlé mọ́. Ọmọ Yorùbá mọ ewé. Àwọn Tápà, ọmọ ọlọ́kọ̀, mọ okùn í dì. Ọmọ Ìbàrìbá tí wọ́n bí sáàárín ẹṣin a máa fọwọ́ wá ibi tí eegun ti yẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n a máa bi ara wọn léèrè, wọ́n a máa jiyàn. Ní báyìí, kò sí ẹni tí wọn yóò bi.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró, ọmọ Ọ̀tún, já bọ́ lórí igi irúgbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Ọwọ́ Baba ti ń gbọ̀n, kò lè tò ó. Wọ́n pe àwọn ọmọ Yorùbá. Wọ́n lẹ ewé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n eegun náà wọ́ síbẹ̀, ọmọ ń ké.

"Ẹ pe gbogbo wọn wá," ni Ọ̀tún wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Wóòrù, ọmọ Ìbàrìbá, tẹ ẹsẹ̀ náà jẹ́jẹ́. "Ibí ni ó ti yẹ̀." Ó fà á, ó bọ́ sípò. Ndagi, ọmọ Tápà, mú okùn àti ọpá.

"Fi ewé sábẹ́ rẹ̀ ná," ni ọmọ Yorùbá kan wí, "kí okùn má baà bó o lára."

Baba fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wò wọ́n.

Nígbà tí Àwẹ̀ró tún ń rìn, Ọ̀tún wá dọ̀bálẹ̀. "Baba, ẹ foríjì mí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọgbọ́n àwọn ọmọ ọlọ́mọ, wèrè ni ǹ bá ṣì máa pè yín."

Baba mí kanlẹ̀. "Ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn lèmi náà ti kọ́ ọ. Ẹ ní kí wọ́n wó àtíbàbà méjì, Ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀tún sọ lórí ìdọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà gbé tí ó fi di òwe, pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.