Ìdí Tí Ọdán Fi Ń Gbá Ọ̀pẹ Mọ́ra

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi mí léèrè ìtumọ̀ Hábákúkù, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ó dún létí yín bí ìgbà tí àkùkọ bá ń kọ. Ó dáa. Ẹ rẹ́rìn-ín tán kí n tó sọ̀rọ̀.

Orúkọ wòlíì Hébérù kan ni, ẹni tó bi Ọlọ́run léèrè pé títí di ìgbà wo ni òun yóò máa ké tí ẹnikẹ́ni kò ní dá òun lóhùn. Àwọn tó mọ èdè yẹn ní gbígbá mọ́ra ni orúkọ náà jẹ mọ́. Àwọn kan ní ó túmọ̀ sí ẹni tó ń gbáni mọ́ra. Àwọn mìíràn ní rárá o, ẹni tí wọ́n gbá mọ́ra ni. Èmi ò kàwé débẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí mo mọ ìtàn Ọ̀pẹ. Ìtàn náà korò. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín kó lọ bá ẹni tó ń pa àlọ́ ìjàpá.

Nígbà láéláé, nígbà tí igi ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí ènìyàn sì ń dá a lóhùn, kò sí igi tó ń hù lórí igi. Orí ilẹ̀ ni kálukú wà. Ọdán náà, orí ilẹ̀ ló ń hù sí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan ọrùn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pẹ kan wà létí odò nígbà náà. Ó ga, ó rẹwà, ó sì ń so dáadáa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dùn. Lọ́dọọdún ló ń bímọ. Lọ́dọọdún ni Ògúngbèmí akọpẹ ń fi igbà gùn ún, tí ó ń gé ìdì ẹyìn rẹ̀ sọ sílẹ̀. Wọn á sè wọ́n, wọn á gún wọn, wọn á fún epo ara wọn. Ọ̀pẹ á máa wò wọ́n láti òkè. Ẹ sọ fún mi, ìyá wo ló máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò ní sunkún?

Ògúngbèmí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ló ń ṣe. Bó bá gé ẹyìn tán, á gbá abíyá Ọ̀pẹ mọ́, ìyẹn ibi tí imọ̀ ti so mọ́ ara rẹ̀. Á kó ewé jíjẹrà àti ìdọ̀tí tó bá há síbẹ̀ dànù.

"Ìyá," á ní, "ohun tó bá ráyè wọ ibí yìí kì í jáde bọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ kan, Àgbìgbò ẹyẹ olórí ńlá lọ jẹ èso ọdán ní òdìkejì odò. Ó yó, ó fò wá bà lórí Ọ̀pẹ, ó yàgbẹ́ sí i lábíyá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òjò rọ̀ sórí rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, hóró ọdán kan hù níbẹ̀, ó yọ ewé méjì. Ó gbójú sókè wo Ọ̀pẹ, ó ní, "Ìyá."

Kò sí ẹyìn kankan tó pẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀pẹ débi tí yóò pe orúkọ yẹn rí. Ọkàn rẹ̀ yọ́ pátápátá.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ó ránṣẹ́ pe àwọn ẹyẹ àdúgbò pé kí wọ́n wá bá òun sọmọ lórúkọ. Wọ́n wá, wọ́n tọ́ oyin wò, wọ́n tọ́ iyọ̀ wò.

"Orúkọ wo lẹ fẹ́ sọ ọ́?" Àgbìgbò ló béèrè.

"Gbámimọ́ra ni," Ọ̀pẹ dáhùn.

Àgbìgbò mi orí ńlá rẹ̀. "Ìyá, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Èmi ni mo gbé e wá, mo sì mọ ìran rẹ̀. Ìran tí gbòǹgbò wọn le ni wọ́n. Ẹ sọ ọ́ ní Rọra."

"Ilé mi náà ni mo wò," Ọ̀pẹ sọ. "Ó ṣófo. Ọwọ́ mi ṣófo láti ìgbà tí mo ti ń bímọ."

Àgbìgbò jẹ oyin tirẹ̀, ó fò lọ.

Ìgbà ẹyìn pé, Ògúngbèmí sì dé pẹ̀lú igbà àti àdá rẹ̀. Ó gùn dé òkè, ó rí ọmọ náà.

"Ìyá, ọdán ti wọ abíyá yín. Ẹ jẹ́ kí n fà á tu nígbà tó ṣì rọ̀ bí ẹ̀fọ́."

"Fi ọmọ mi sílẹ̀," Ọ̀pẹ sọ. "Àwọn tí o ti gbé lọ kò tó ọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ká Ògúngbèmí lára. Ó rọ̀ sórí igbà rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Mi ò lè jiyàn," ó ní. "Ṣùgbọ́n nítorí tiyín ni mo fi ń sọ èyí."

"Tó o bá fọwọ́ kàn án, o ò ní gùn mí mọ́ láéláé."

Ògúngbèmí gé ẹyìn, ó sì sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbá abíyá Ọ̀pẹ mọ́.

Ọ̀pẹ tọ́ ọmọ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ìjì bá ń jà, á ní, "Gbá mi mọ́ra, kí o má bàa já bọ́." Ọmọ á gbá a mọ́ra. Á ní, "Kò tíì le tó. Tún gbá mi sí i." Ọmọ á tún fún un mọ́ àyà. Ìfẹ́ ni wọ́n pe ìyẹn láàrin ara wọn, ìfẹ́ náà sì ni.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó ta gbòǹgbò kan gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ mu omi nínú ilẹ̀. Ọ̀pẹ ń yangàn. Ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ mi, ó ti ń dá omi mu." Gbòǹgbò kejì sọ̀kalẹ̀, ìkẹta tẹ̀ lé e. Wọ́n yí Ọ̀pẹ ká, wọ́n bára wọn pàdé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀. Ewé ọmọ ga ju ti ìyá lọ, ó bo oòrùn mọ́ ọn lójú. Ọ̀pẹ kò so mọ́, ṣùgbọ́n kò ka ìyẹn sí. Ta ló ń wá ẹyìn nígbà tí ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Gbámimọ́ra, dẹwọ́ díẹ̀. Àyà ń fún mi."

"Ìyá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Ṣáà dẹwọ́."

Ọmọ náà gbìyànjú. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó gbìyànjú títí ewé rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Kò ṣeé ṣe, Ìyá," ó ní. "Ọwọ́ tí mo nà ti di igi. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ènìyàn mú. Ẹ ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ rẹ̀."

Ibẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú. Ká ní ọmọ burúkú ni, à bá bú u, ara wa ì bá sì fúyẹ́. Ọmọ náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀ dénú.

Ni Ọ̀pẹ bá ké. Irú igbe tí wòlíì yẹn ké náà ni, ti ẹni tí ń béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ògúngbèmí, tó ti darúgbó, gbọ́ ọ. Ó gbé àáké wá.

Ó yí ìdí igi náà ká lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá, ó ku díẹ̀ nínú ara yín tí mo ṣì ń rí. Bí mo bá gé gbogbo gbòǹgbò ọmọ yìí lónìí, òun á kú, ẹ̀yin lè yè. Bó bá di ọ̀la, mi ò lè ṣèlérí nǹkan kan. Ẹ sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu yín."

Gbámimọ́ra ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó gé mi."

Ọ̀pẹ wo àáké náà. Ó rántí gbogbo ọmọ tó ti ń wò láti òkè bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n.

"Mi ò ní fi ẹnu ara mi ní kí wọ́n gé ọmọ mi. Máa lọ, Ògúngbèmí."

Ògúngbèmí gbé àáké kọ́ èjìká, ó lọ sílé, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Imọ̀ Ọ̀pẹ gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyà rẹ̀ jẹrà. Ikán jẹ ìyókù. Gbámimọ́ra pè é pé, "Ìyá," kò gbọ́ ohùn kankan.

Láti ọjọ́ náà ni igi kò ti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni akọpẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀ láì gbá abíyá ọ̀pẹ mọ́ tónítóní. Láti ọjọ́ náà ni ọdán ti ń gun orí ọ̀pẹ, tó ń fi apá yí i ká, tí ihò gíga kan sì máa ń wà láàrin rẹ̀ níbi tí ọ̀pẹ ti dúró rí.

Àwọn àgbà máa ń jókòó sábẹ́ òjìji irú ọdán bẹ́ẹ̀, wọn á ta ayò, wọn á yìn ín pé igi yìí mà tutù o. Wọn kì í béèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ ihò náà wò. Apá ọdán ṣì wà níbẹ̀ yíká, ó di òfo mú gírígírí, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ rẹ̀.