Ìdí Tí Kọ̀ǹkọ̀ Fi Ń Dá Ara Wọn Lóhùn Lẹ́yìn Òjò

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì ní ìjọba tirẹ̀, tí àwọn ẹranko ṣì ń dìbò, kọ̀ǹkọ̀ kì í pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni o! Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, gbọ́ mi tán ná. Òjò á rọ̀ láti àárọ̀ títí ọ̀sán, àbàtà á kún, síbẹ̀ o kò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìró omi. Kọ̀ǹkọ̀, ọ̀pọ̀lọ́, àkèré, gbogbo ìran wọn ló máa ń dákẹ́ lọ gbári.

Kì í ṣe pé wọ́n yadi. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Lékeleke, ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn, ń jẹ wọ́n. Nítorí náà, ohun tí ìyá á kọ́kọ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ni pé: "Bí òjìji bá ti kọjá lórí rẹ, wọ inú koríko, kí o sì pa ẹnu rẹ dé." Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ ilé wọn. Ó sì wúlò fún wọn, n kò ní parọ́ mọ́ wọn.

Ní ọdún kan, ebi pa gbogbo igbó. Iṣu kò ta, igi kò so èso tó dáa. Ibi tí àwọn ẹranko ti ń ráhùn ni Túùkú ti jáde síta. Túùkú ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó, oníhò imú gbàǹgbà tó ń fi imú tú ilẹ̀. Ó gun orí òkìtì kan, ó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ wo àbàtà yìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ló wà lábẹ́ omi yẹn, a sì jókòó a ń jẹ ìyà! Ẹ fún mi láṣẹ. Màá gbẹ́ kòtò láti ibí lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Omi á ṣàn lọ, ilẹ̀ á gbẹ, a ó gbin iṣu, a ó jẹ àjẹyó. Ilẹ̀ gbígbẹ!"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáhùn pé, "Ikùn kíkún!"

Ariwo yẹn gba gbogbo igbó, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa dìbò lé ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá ń fi ṣeré lórí igi. Túùkú sì ń pín kókò sísun kiri, ó ń bi ẹnikẹ́ni tó bá gbà á pé, "Ẹ̀yìn ta lo máa tò sí?" Ẹ ò rí i pé fífi oúnjẹ ra ìbò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ṣùgbọ́n Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àyà rẹ̀ já. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ẹ sì mọ̀ bí ọmọ kọ̀ǹkọ̀ ṣe máa ń rí: orí àti ìrù, kò sí ẹsẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè fò, kò lè rìn. Bí omi bá lọ, ibi tí omi fi í sí ló máa kú sí. Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ lè kó ẹrù tirẹ̀ kó sì wá àbàtà mìíràn lọ, ṣùgbọ́n kò lè kó wọn.

Ó gbéra, ó tọ Ọ̀bọ lọ ní ìdí igi ògùrọ̀.

Ó ní, "Ọ̀bọ, ọmọ mi, jọ̀wọ́ tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́ ìdìbò. Àwọn ọmọ mi wà nínú omi yẹn."

Ọ̀bọ yọjú láti òkè, kókò Túùkú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Kọ̀ǹkọ̀. Ẹ má bínú sí mi o. Orí igi ni mò ń gbé. Kí ló kàn mí nínú ẹrẹ̀?"

"O kì í mu omi ni?"

"Mò ń mu ún. Ṣùgbọ́n omi kò ní tán láyé kẹ̀, ẹ̀yin náà! Ebi ló ń pa mí báyìí."

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń wí. Èyí á ní òun máa rò ó wò, èyí á ní òun kò fẹ́ wàhálà. Inú bí Ìyá Kọ̀ǹkọ̀, ó sì tún ṣàánú wọn, nítorí ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ nínú àbàtà, ó ní kí gbogbo wọn jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Wọ́n gbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Láyé ìgbà náà, wọn kì í tẹ̀ka, wọn kì í ju ìwé sínú àpótí. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu á dúró síwájú, àwọn yòókù á sì tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Ẹfọ̀n ni olórí wọn, òun ló ń dá ẹjọ́. Ta wá ni ó ń ka orí? Lékeleke ni! Ẹ̀yìn Ẹfọ̀n ló máa ń jókòó sí, á fò sókè, á rábàbà lórí ìlà, á sì padà wá jábọ̀. Òfin wọn ni pé orí tí Lékeleke kò bá rí, kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbogbo igbó kóra jọ sí ìdí àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà. Túùkú tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Àwọn ẹranko òdìkejì òkè ti gbẹ́ tiwọn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ayé ti ń lọ síwájú, àwa nìkan la jókòó sínú ẹrẹ̀!"

Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ní, "Òótọ́ ni, wọ́n gbẹ́ ẹ. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń wá mu omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Túùkú, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Níbo lo ti yíràá láàárọ̀ yìí? Ẹrẹ̀ ẹ̀yìn rẹ kò tíì gbẹ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Túùkú yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ara àpáta kíákíá.

Ẹfọ̀n ní, "Ó tó. Ẹ tò."

Wọ́n tò. Ìlà Túùkú gùn, ó yí àpáta ká. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, Àgbọ̀nrín wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn Ìyá Kọ̀ǹkọ̀! Àwọn èèyàn rẹ̀ jáde bí wọ́n ṣe ṣèlérí, àgbà àti èwe, kèrémí àti gbàǹgbà, wọ́n ń fò wá látinú omi, wọ́n tò títí dé etí àbàtà. Inú ìyá dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ni Lékeleke bá fò sókè láti ka orí.

Òjìji rẹ̀ kọjá lórí ìlà. Kí ni wọ́n kọ́ wọn nílé? Gbogbo wọn wọ inú koríko lẹ́ẹ̀kan náà! Kò sí ẹni tó rò ó, ara wọn ló gbé wọn lọ. Wọ́n sì pa ẹnu dé.

Lékeleke bà sẹ́yìn Ẹfọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ìlà Túùkú kún. Lẹ́yìn Ìyá Kọ̀ǹkọ̀, n kò rí ẹnì kankan."

Ẹ̀rín bú sọ́tùn-ún sósì. Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rí koríko lásán. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ní ẹsẹ̀, tí wọ́n ń ju ìrù nínú omi, tí wọn kò mọ nǹkan kan.

Ó ní, "Ẹ dúró, Bàbá! Wọ́n wá! Wọ́n wà nínú koríko yẹn. Ẹni tí ẹ ní kó kà wọ́n ló ń jẹ wọ́n!"

Lékeleke bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé kò gbọ́. Ẹfọ̀n mí kanlẹ̀. Láti ọdún tí ó ti ń ṣe olórí wọn, kò ronú kan ibẹ̀ rí.

Ó ní, "Báwo wá ni ká ṣe kà wọ́n?"

"Ẹ fi etí kà wọ́n, Bàbá."

Túùkú fò sókè. Ó ní, "Rárá o! Èèyàn mẹ́ta lè pariwo bí ọgbọ̀n!"

Ẹfọ̀n ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ mọ́gbọ́n dání. Nítorí náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dáhùn níbi tó wà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lékeleke, jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀yìn mi. Bí ìyẹ́ rẹ bá mì pẹ́nrẹ́n, èmi pẹ̀lú rẹ ni."

Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ kò pariwo rí láyé rẹ̀. Ó fa èémí sínú títí ọ̀fun rẹ̀ fi wú. Ó ké pé:

"Kọ̀ọ̀! Ta ló ń gbé inú àbàtà yìí?"

Kò sí ohùn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, kí Lékeleke mọ ibi tó sá pamọ́ sí? Ó tún ké lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nígbà náà ni ìyá arúgbó kan, Àkèré, tí Lékeleke ti já ní ìka ẹsẹ̀ rí, ya ẹnu nínú koríko. Ó ní, "Èmi rèé!"

Ẹnì kan tún dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èmi rèé!" Ọ̀pọ̀lọ́ dáhùn lábẹ́ òkúta. "Èmi rèé!" Ohùn náà ń lọ láti koríko dé koríko, ó wọ etí omi, ó gba abẹ́ ewé, ó yí àbàtà ká. Oòrùn kúrò ní àtàrí, wọn kò tíì tán. Ẹfọ̀n dẹ etí títí, ẹnu yà á.

Lójijì ni ohùn kan dáhùn ní ìdí igi ògùrọ̀: "Èmi rèé!" Ọ̀bọ ta gìrì. Ilé tirẹ̀ ni wọ́n ti ń dáhùn yẹn! Ó wo igi rẹ̀, ó rí i pé inú omi ni ìdí rẹ̀ wà. Bí omi bá lọ, ṣé igi máa dúró ni?

Ó bi Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ pé, "Ìyá, ebi ńkọ́? Kí la máa jẹ?"

Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ ní, "Kókò tí Túùkú fún ọ, bi í léèrè ibi tó ti wú u. Etí àbàtà ni! Ibi tó tutù ni kókò ti ń ta. Ẹ jẹ́ ká gbìn ín yí omi ká, kí omi sì wà níbi tó wà."

Ọ̀bọ kúrò lẹ́yìn Túùkú, ó lọ tò sẹ́yìn Ìyá Kọ̀ǹkọ̀. Àgbọ̀nrín tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ń wojú ara wọn, wọ́n sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Túùkú ń pariwo "Ilẹ̀ gbígbẹ!", ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ẹni tó ń dá a lóhùn kò tó nǹkan mọ́.

Ẹfọ̀n dìde. Ó ní, "Àbàtà ní àwọn tó ni ín, mo ti gbọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìran kọ̀ǹkọ̀. Ojú mi kò rí yín, etí ni mo fi mọ̀ yín. Nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀, ẹ dáhùn. Lọ́jọ́ tí mo bá dé etí àbàtà tí n kò gbọ́ ohùn yín, màá gbà pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́."

Wọ́n gbin kókò yí àbàtà ká, ebi rọlẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Ìyá Kọ̀ǹkọ̀ hu ẹsẹ̀, ìrù wọn wọlé. Òjò rọ̀. Wọ́n fò jáde sí etí omi, wọ́n jókòó ti ìyá wọn, wọ́n fẹ ọ̀fun, wọ́n ní, "Èmi rèé!"

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹkọ̀ kì í ti í dákẹ́ bí òjò bá rọ̀. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á gbè é, títí gbogbo àbàtà á fi máa dún. Bí o bá súnmọ́ wọn, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá Túùkú ni tàbí Lékeleke. Bí o bá kọjá tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ òkò lù wọ́n mọ́ pé wọ́n ń dí yín lójú oorun. Ìpè ni wọ́n ń jẹ́. Ibi tí òjò bá ti rọ̀ tí ẹ kò gbọ́ wọn ni kí ẹ̀rù ti bà yín.