Ilé Ìdáná Ojúọlápé

Bí ẹ bá dé agboolé Aláyandé ní Òkè-Àgbéde láyé ìgbà náà, tí ẹ ní obìnrin gíga yẹn lẹ wá rí, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé èwo. Ojúọlápé nìkan ló ga báyẹn. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun fẹ́ ìyàwó, wọ́n sì fi àkàbà ṣe ènì fún òun. Ọkọ náà ti kú. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti wọ ilé ọkọ lọ́nà jíjìn. Oyèníran, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, bá àwọn oníṣòwò lọ sí ìlú òkèèrè, ó lọ, ó pẹ́. Ìhà ọ̀dọ̀ Ojúọlápé nínú agboolé náà, tí ariwo ọmọ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá dá páropáro.

Ní ìhà kejì àgbàlá, àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àìná, àti Àìná ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Ilé ìdáná kan ṣoṣo ni ìyálé àti ìyàwó ń lò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàwàdà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bú àwọn ọkọ nígbà tí àwọn ọkọ kò sí nílé, ibẹ̀ náà ni Ojúọlápé ti ń gbàgbé pé òun nìkan ni òun máa sùn.

Ọjọ́ kan ni oníṣòwò kan wá jíṣẹ́ Oyèníran. Ó ní, “Ọmọ yín ní bí iṣu tuntun bá jáde, òun ń bọ̀ wá wo ilé. Ó ní bí ilé bá dùn mọ́ òun, bóyá òun ò ní í padà mọ́.”

Ojúọlápé di “bóyá” yẹn mú, ó fi ọ̀rọ̀ yòókù sílẹ̀. Kò fẹ́ ohun méjì láyé mọ́, àfi kí ọmọ rẹ̀ dé, kí ilé dùn mọ́ ọn, kó má lọ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹran gbígbẹ dè é. Ó ń tọ́jú epo. Òun gan-an kì í fọwọ́ kàn án.

Àfi bó ṣe ṣí ìkòkò ẹran láàárọ̀ kan, tó rí i pé ẹran ti dín, epo náà ti lọ sílẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Àìná lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ọmọ náà ń lọ sókè sódò.

“Kí lò ń jẹ?”

Àìná gbé e mì. Ìyá rẹ̀ sáré jáde. “Ìyálé mi, ẹ má bínú. Ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ n bá a wí.”

“Bí ọmọdé bá ń mú ẹran, ṣé ọmọdé náà ló ń bu epo?”

Ìyá Àìná dúró sójú kan. “Ìyálé mi, èmi lẹ ń pè lólè?”

“Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ ló mọ̀.”

Ẹ ò rí nǹkan! Bóyá eku ló jẹ ẹran náà o, bóyá Àìná ni o, ta ló lè sọ? Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ìyá Àìná kò jà. Ó kó ìkòkò rẹ̀, ó lọ to ààrò tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná ìyálé òun mọ́ láéláé.

“Ó tó bẹ́ẹ̀,” ni Ojúọlápé wí. “N óò tún ilé ìdáná mi ṣe, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sì ní í dé ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọmọ mi.”

Ó kọrí sọ́jà. Ó ń fi ìka kan ìkòkò lára, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bóyá ó ti sán. Ó yan ìkòkò ọbẹ̀, ó yan èyí tí yóò máa fi se iṣu. Ó yan ọlọ tuntun tí ojú rẹ̀ kò tíì jẹ. Nígbà tó dé ìdí abọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́: ti Oyèníran nìyí, ti ìyàwó tí Oyèníran máa fẹ́ nìyí, ti àwọn ọmọ tí ìyàwó yẹn máa bí nìwọ̀nyí. Ẹni tó ń bá a di ẹrù bi í bóyá ìnáwó ló fẹ́ ṣe.

Ìdí akèǹgbè ló ti wá pẹ́ jù. Ó ń gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wọ̀, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin tó ń tà á wò ó títí, ó ní, “Ìyá, èyí tí ọwọ́ wọ̀ làwọn èèyàn ń rà o. Báwo lẹ ó ṣe máa fọ èyí tí ọwọ́ ò wọ̀?”

“N óò da omi àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i, n óò máa mì ín.”

“Bí nǹkan bá wá há sínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Akèǹgbè tí ọwọ́ àgbà ò lè wọ̀, àgbà kan ò lè bu epo inú rẹ̀. Èyí tí mò ń wá gan-an nìyẹn.”

Obìnrin náà gba owó rẹ̀. Àbí kí ló kàn án?

Lẹ́yìn èyí, Ojúọlápé pe mọlémọlé kan kó wá kan pẹpẹ mọ́ ara ògiri fún òun. Mọlémọlé ní ibo ni kí òun kàn án sí. Ojúọlápé na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sókè, ó ní, “Ibi tí ìka mi dé yìí.”

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ẹ̀rín pa á. “Ṣé àwọn ará ọ̀run lẹ fẹ́ máa fún lẹ́ran ni? Ta ni yóò máa bá yín gbé nǹkan níbẹ̀ bí ẹ ò bá sí nílé?”

“Bí n ò bá sí nílé, ta ló ní kí ẹnikẹ́ni wá gbé nǹkan níbẹ̀?”

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ilé ìdáná náà wu ojú í wò. Ògiri ń dán, abọ́ tò gẹẹrẹ, ẹran wà lókè pẹpẹ, akèǹgbè epo wà ní igun, ó fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu, ó sì fi òkúta gbá ṣùkù náà wọlé kí ẹnikẹ́ni má lè fà á yọ. Ojúọlápé jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó. Ó fẹ́ kí ẹnì kan bá òun yọ̀. Ó fẹ́ kí ẹnì kan ní, “Háà, ìyálé mi, ẹ mà kú ìnáwó o!” Ẹni tó sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, ó ń fẹ́ iná.

Láti ìgbà náà ni àárò ti ń sọ Ojúọlápé gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí a ti ń se oúnjẹ ẹnì kan. Gbogbo ìgbà ló ń se àsèjù, gbogbo ìgbà ló ń da èyí tó kù fún adìyẹ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gbọ́ ẹ̀rín Àìná àti ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, á sì dúró pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, á máa gbìyànjú láti mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn ìgbà mìíràn, ó fẹ́ dìde lọ bá wọn. Ìgbéraga kì í jẹ́. Á ní kò burú, Oyèníran ń bọ̀.

Iṣu tuntun jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo agboolé ti lọ sóko lọ wa iṣu, ọdẹ kan yà, ó ní òun rí Oyèníran ní abúlé kan tí kò jìnnà, ó ní yóò wọlé kí oòrùn tó yẹ àtàrí. Inú Ojúọlápé dùn débi pé ó gbàgbé láti dúpẹ́. Ó gbé iṣu kaná. Ó na ọwọ́, ó sọ ẹran kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ó lọ ata, ó gbé e ka ààrò. Ó wá gbé akèǹgbè epo.

Ṣùkù tó fi òkúta gbá wọlé kò yọ. Ó fà á, ó já sí méjì. Ó fi èkù ọ̀bẹ ti ìyókù, ó bọ́ sínú epo. Ó da akèǹgbè dorí kodò, ṣùkù léfòó wá sẹ́nu, ó dí i pa, epo kán tó, tó, ó dúró. Ó fi igi wá a, igi ń tì í padà. Ó kó ìka jọ, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, oríkèé ìka kọ̀. Ó tún fipá tì í, ọwọ́ há, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i yọ mọ́.

Kí ó fọ́ akèǹgbè ńkọ́? Epo ọ̀pọ̀ oṣù ni, ilẹ̀ ni yóò mu ún. Kí ó tọrọ epo ńkọ́? Lọ́wọ́ ta ni? Gbogbo ilé wà lóko, ilẹ̀kùn Ìyá Àìná sì wà ní títì. Bí kò bá tilẹ̀ wà ní títì pàápàá, ẹnu wo ni yóò fi tọrọ epo lọ́wọ́ ẹni tó pè ní olè epo? Ata ń jóná lórí ààrò. Ojúọlápé jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

“Ìyá àgbà, kí ló dé?”

Àìná ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹ̀gún ló gún un, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi mú un lọ sóko.

“Kò sí nǹkan. Lọ jókòó.”

Ọmọ náà kò lọ. Ó ń wo akèǹgbè. “Ṣé nǹkan ló há síbẹ̀ ni?”

“Ó há.”

“Ọwọ́ mi kéré o.”

Ojúọlápé wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ yìí ni ó sá fún tó fi gbé pẹpẹ sókè ọ̀run. Ojú tì í. “Wọlé, ọmọ mi.”

“Ìyá mi ní n kò gbọ́dọ̀ wọlé.”

Ojúọlápé kò sọ pé kí ọmọ má gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Ó gbé akèǹgbè, ó gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo gíga rẹ̀ kí ọmọ náà lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa. Àìná ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta láàárín àlàfo eyín. “Mo ti mú un!” Ó fa ṣùkù jáde, epo ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

“O ṣé, o ṣé, orí rẹ á sunwọ̀n. Kí lo fẹ́ kí n fún ọ?”

Àìná na ìka sí pẹpẹ. “Ẹran. Mo máa ń wò ó láti ìta. Ọwọ́ mi ò tó o.”

“Kò lè tó o lóòótọ́,” ni Ojúọlápé wí. Ó dìde, ó na ọwọ́, ó mú èyí tó tóbi jù nínú èyí tó kù, ó fún un. Kò bi í bóyá òun ló jẹ ti ìjọ́sí.

Oyèníran dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹun, ó lá ọwọ́. “Ìyá mi, ọbẹ̀ yín ò yí padà.” Ó wá wo inú ilé ìdáná yíká, ó wo abọ́ tó tò lọ gẹẹrẹ. “Abọ́ yìí mà pọ̀ o. Ta lẹ ń bá jẹun?”

“Ìwọ ni mo rà á dè.”

Oyèníran doríkodò. “Mo ti ní ìyàwó níbẹ̀, ìyá mi. Ó ti lóyún. Àwọn àna mi fún mi ní ilẹ̀ oko. Mo kàn wá fojú kàn yín ni.”

Ojúọlápé ní kò burú. Ó ní kí orí bá a ṣe é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sìn ín dé ẹ̀yìn odi, ó dúró títí kò fi rí i mọ́, ó sì padà sílé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Kò wọ ilé ìdáná. Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àìná ló gbà lọ. Ìyá Àìná ń fẹ́ iná, kò gbójú sókè.

“Ẹ káàárọ̀, ìyálé mi.”

“Ìyàwó, mo pe ọmọ rẹ lólè, mo sì pe ìwọ náà. Torí ọwọ́ rẹ ni mo ṣe ra akèǹgbè, torí ọwọ́ ọmọ rẹ ni mo ṣe kan pẹpẹ. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí ebi pa àlejò mọ́ mi lọ́wọ́, Àìná ló yọ mí. Ọwọ́ tirẹ̀ ò tó pẹpẹ mi, ọwọ́ tèmi náà ò wọ akèǹgbè tí mo fowó mi rà. Ilé yẹn dá jù. Mi ò lè dá a gbé. Jọ̀wọ́, má bínú.”

Ìyá Àìná fẹ́ iná náà títí, èéfín bo ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ jókòó, ìyálé mi. Iṣu ti ń jinná.”

Oyèníran kò padà wá gbé ilé. Àìná ni ó sọ ọ̀rọ̀ akèǹgbè náà káàkiri agboolé, ó ń na ọwọ́ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ Ojúọlápé kúrò lẹ́yìnkùlé lọ sí ìgbìmọ̀, kúrò ní ìgbìmọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, títí ó fi di ohun tí a ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òun lè dá gbé: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèǹgbè.