Irin Gọ́ọ̀fù Olórí Fífẹ̀
Olóyè Akínrìnádé, alága pápá gọ́ọ̀fù wa, rí irin ìgbábọ́ọ̀lù olórí fífẹ̀ tí Jọláadé, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà, rà wá, ó sì kígbe lójú gbogbo ènìyàn pé, “Irin ọ̀lẹ, tó ń bá aláìmọ̀ gbá bọ́ọ̀lù! Fi tèmi tó tín-ín-rín yìí gbá bọ́ọ̀lù kọjá odò yẹn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ máa lọ sílé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú ti Jọláadé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mo gbọ́, sà. Ẹ kọ́kọ́ fi tèmi gbá a sódò, kí gbogbo wa lè rí i pé kò dára.” Olóyè mọ̀ọ́mọ̀ fi etí irin náà gbá bọ́ọ̀lù kí ó lè já sódò, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù náà fò kọjá odò. Jọláadé ní, “Bí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n gbá bá fẹ́ ṣì í gbá tí kò gbà fún yín, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n gbá máa lò ó.” Olóyè fi ọwọ́ méjèèjì dá irin náà padà fún un, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.