Sípíkà Tó Kọjú Sílé

"Orin tó kún títì, ará ilé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀." Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà Òkè-Ìsọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ń pa á, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n níbi tó ti ṣẹ̀, wọn á máa wo àjà. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?

Fọlárìn tó ń tún rédíò ṣe ni ìtàn náà bá wí. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá to ańpílífáyà tuntun, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, jọ ní Òkè-Ìsọ̀ gbọ́dọ̀ gbé sípíkà rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó kọjú rẹ̀ sí títì, kí àdúgbò wá dá a lẹ́jọ́. Èyí tó bá mi fèrèsé ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ọ̀nà méjì ni Fọlárìn lè gbà to tirẹ̀. Ní ọ̀nà kìíní, àwọn tíráńsítọ̀, ẹ̀yà kéékèèké inú ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ń pín iṣẹ́ ṣe: bí èyí ti ń tì, èyí ń fà. Agbára rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tètè gbóná. Ní ọ̀nà kejì, tíráńsítọ̀ kì í sinmi rárá, ìbáà jẹ́ orin ń lọ tàbí ó dákẹ́. Ó ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ohùn rẹ̀ kò sì lè kọjá ọgbà, àmọ́ ó mọ́ gaara. Fọlárìn fẹ́ràn iyì bí ẹní fẹ́ràn oyin. Èyí tó lágbára ló kọ́kọ́ tò.

Síbẹ̀, bàbá rẹ̀ ló tìtorí ẹ̀ to ẹ̀rọ náà. Bàbá yìí, Ṣọládé, ti darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀ tó bí Fọlárìn, ti di olóògbé, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn rẹ̀ sì kù sí: orin ìkórè tó dá, tí ẹgbẹ́ akọrin ń gbè, tí dùùrù àti fèrè ń bá a lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti ń gbó. Fọlárìn fẹ́ kí bàbá tún gbọ́ ìyàwó rẹ̀ kí kásẹ́ẹ̀tì náà tó bàjẹ́ tán.

Ó gbé sípíkà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí títì, ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó tan ẹ̀rọ. Fèrèsé mì, títì hó yèè. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, dùùrù ń ké, fèrè ń ké. Àwẹ̀ró dà?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Fọlárìn dé egungun. Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó to ọ̀nà kejì, ó wá gbé sípíkà wọ pálọ̀, ó kọjú rẹ̀ sí àga bàbá.

Lámídì aládùúgbò yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Fọlá, àbí iná ò gbé e ni? A ò gbọ́ nǹkan kan níta o!"

"Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé. Ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀."

Lámídì wọlé, àwọn tó kù lóde tẹ̀ lé e. Nínú ìdákẹ́jẹ́ pálọ̀ náà, wọ́n gbọ́ bí Àwẹ̀ró ṣe mí sínú, kó tó gbé orin. Ọwọ́ bàbá gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Nígbà tí orin parí, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ wo ọmọ tí mo bí, ẹ̀yin ará àdúgbò! Ó mú ìyá rẹ̀ wọlé wá bá mi."

Orí Fọlárìn wú. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sì wá àtẹ́wọ́ mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá ń ṣe dáadáa fún ìta, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kò mọ adùn rẹ̀, àwọn àgbà Òkè-Ìsọ̀ á ní kó yí sípíkà rẹ̀ padà. Bí kò bá yé e, wọn á sọ ọ́ fún un gbangba pé orin tó kún títì, ará ilé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.