Ẹkún Bọ̀tujẹ̀ Ìyá Àwẹ̀ró

Nígbà láéláé, nígbà tí igi ṣì ní ohùn, igi bọ̀tujẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láyé.

Ẹ mọ bọ̀tujẹ̀. Òun ni igi kékeré tí àwọn kan ń pè ní làpálàpá, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Bí ẹ bá já ewé rẹ̀ lónìí, ẹ ó rí omi tó ń sun jáde lójú ibi tí ẹ ti já a, tó ń kán tó, tó, tó, bí omijé. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ̀tujẹ̀ kì í sunkún. Kò tíì rí ohun tó máa pa á lẹ́kún.

Àárín agbàlá Ìyá Àwẹ̀ró ló ń gbé, ní abúlé Agbédò. Ìyá Àwẹ̀ró ti dàgbà, irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Láràárọ̀, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, yóò bu omi kèrègbè kan, yóò rọra dà á sídìí bọ̀tujẹ̀. Yóò fa koríko tó bá hù níbẹ̀. Yóò bu eérú ààrò díẹ̀ sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tó kí i.

"Ọkọ mi, ṣé o jí dáadáa?"

"A dúpẹ́, Ìyá. Orúnkún yín tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ó ti fẹ́ fi mí sílẹ̀. Wo bí o ṣe ń dán!"

Kí ni wọ́n ń fi bọ̀tujẹ̀ ṣe nígbà náà? Kò sí. Kò wo egbò, kò sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹwà rẹ̀, ó ń ṣíji bo agbàlá, inú ẹni tó bá wọlé sì ń dùn.

Òfin kan ṣoṣo ni bọ̀tujẹ̀ ní: kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ewé òun, kí wọ́n má sì ṣe gé ẹ̀ka òun. Ìdí ni pé ó ti rí ẹ̀ka ìrókò kan tí ìjì ṣẹ́ lulẹ̀ rí. Ẹ̀ka náà rọ, ó gbẹ, wọ́n sì fi í dáná. Bọ̀tujẹ̀ wo eérú rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan òun, òun náà kú nìyẹn.

Ìyá Àwẹ̀ró pa òfin náà mọ́. Ewúrẹ́ rẹ̀ nìkan ni òfin náà ń bí nínú.

"Ewé kan péré," ni Ewúrẹ́ máa ń wí, irùngbọ̀n rẹ̀ á sì máa mì. "Ewé kan! Ta ló máa kà á?"

"Èmi ni."

"Ahun ni ọ́. Igi tí kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé fi dáná, tí kò ṣeé fi kọ́lé. Kí lo wá wúlò fún?"

"Mo wúlò fún Ìyá. Ìwọ ńkọ́, yàtọ̀ sí pé o ń jẹ èlùbọ́ tí wọ́n bá sá?"

Ewúrẹ́ á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òótọ́ ni, ó jẹ èlùbọ́ náà lánàá.

Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, tí ọdún ń gorí ọdún. Bí oòrùn bá mú, Ìyá Àwẹ̀ró á jókòó sábẹ́ igi náà, á máa ran òwú, á sì máa sọ fún un nípa ìgbà tí òun wà lọ́mọge: bí òun ṣe ń jó, bí ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe ṣubú sínú odò níbi tó ti ń wo òun, àti bí òun ṣe padà fẹ́ ọ̀dọ́kùnrin náà. Bọ̀tujẹ̀ ti gbọ́ ìtàn yìí tó ogún ìgbà. Kò sọ fún un rí pé òun ti gbọ́ ọ.

Ní ọdún kan, òjò kọ̀. Odò abúlé fà títí ó fi di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà gbẹ, ó sì sán. Àwọn àgbà pé jọ, wọ́n ní kí gbogbo ìlú kó lọ sétí odò ńlá kan, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ènìyàn ká ẹní, wọ́n di ìkòkò, wọ́n gbé odó rù. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà pàápàá, tí kì í fẹ́ gbé ibi tí kò sí ènìyàn, fò tẹ̀lé wọn.

Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ni kò di ẹrù.

Oyèkànmi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun. Àwa nìkan ló kù."

"Ẹ máa lọ, ọmọ mi. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí bọ̀tujẹ̀ bá lè rìn."

"Igi kì í rìn, Ìyá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ fẹ́ kú sínú òùngbẹ nítorí igi?"

Ìyá Àwẹ̀ró wo ọmọ rẹ̀. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, gbogbo yín bá mi sunkún fún ọjọ́ méje, ẹ sì padà sóko yín. Ta ló dúró tì mí ní ọjọ́ kẹjọ?"

Oyèkànmi gbé ìkòkò omi kan sílẹ̀ fún un. "Màá mú ìyàwó mi àti àwọn ọmọ débẹ̀, màá sì padà wá. Ọjọ́ mẹ́fà péré. Ẹ fẹ́, ẹ kọ̀, màá gbé yín pọ̀n."

Ewúrẹ́ náà kò lọ. Ó ní òun ò lè rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun láàárín ọ̀nà.

Omi inú ìkòkò náà ì bá tó Ìyá Àwẹ̀ró fún ọjọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, ó ń pín in: ìdajì fún bọ̀tujẹ̀, díẹ̀ fún ewúrẹ́, ìyókù fún òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wo inú ìkòkò, igbá omi kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Ó gbé igbá náà lọ sídìí igi, ó dà á síbẹ̀, ó sì kí i bó ṣe máa ń kí i. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ jókòó.

Ewúrẹ́ súnmọ́ bọ̀tujẹ̀. "Ṣé omi náà dùn?"

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Ìyá ò mu nínú rẹ̀. Mo wò ó. Ó fi igbá kan ètè lásán, ó sì da gbogbo rẹ̀ fún ọ." Ewúrẹ́ mi irùngbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Okùn ni wọ́n fi ń so èmi mọ́lẹ̀. Ìwọ ni wọ́n fi so Ìyá."

Nígbà tí oòrùn kúrò lórí òrùlé, bọ̀tujẹ̀ pe ìyá.

"Ìyá."

"Ọkọ mi."

"Ẹ mú ọ̀bẹ wá. Ẹ gé ẹ̀ka mi kan, kí ẹ gbé e lọ."

Ìyá Àwẹ̀ró jáde wá. "Òfin rẹ ńkọ́?"

"Èmi ni mo ṣe é. Èmi náà ni mo pa á rẹ́."

"Bí o bá kú ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ bóyá màá kú. Bí ẹ bá dúró, mo mọ̀ pé ẹ̀yin máa kú. Ẹ gé e, Ìyá, kí ẹ̀rù tó tún bà mí."

Ìyá Àwẹ̀ró mú ọ̀bẹ. Kò lè wo ohun tó fẹ́ ṣe, ó bá di ojú rẹ̀ pa kó tó gé e. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ kì í dijú. Ọ̀bẹ náà gé ẹ̀ka, ó sì gé ìka ìyá pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn.

Ní àkókò yẹn gan-an ni bọ̀tujẹ̀ sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́. Omi mímọ́ kan yọ lójú ibi tí wọ́n ti gé e, ó ń kán sílẹ̀, ó sì ń kán sórí ìka Ìyá Àwẹ̀ró. Omijé igi pàdé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Kí ìyá tó fa aṣọ ya láti fi di ìka náà, ẹ̀jẹ̀ ti dá.

"Ha!" ni Ewúrẹ́ wí. "Igi tí kò wúlò fún nǹkan!"

"Ṣé ó dùn ọ́, ọkọ mi?" ni ìyá béèrè.

"Ó dùn mí. Ẹ má dúró. Ìyá, ẹ má gbìn ín bí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù, nítorí yóò jẹrà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má sì máa da omi lù ú bí ẹ ṣe ń dà á lù mí. Díẹ̀díẹ̀ ti tó."

"Ṣé àárín agbàlá ni kí n gbìn ín sí?"

"Rárá o. Etí ọgbà ni, níbi tí yóò ti máa rí ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ti ilé bọ̀, kó lè tètè rí i."

Ìyá Àwẹ̀ró fi àtẹ́lẹwọ́ kan igi náà. Ó gbé ẹ̀ka náà sí èjìká, ó sì ń lọ pẹ̀lú Ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sínmi lẹ́bàá ọ̀nà. Ewúrẹ́ wo ẹ̀ka náà. Ewé kan ṣì wà lórí rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó máa kà á mọ́. Ó já a, ó ń rún un. Kò tíì gbé e mì tán tí inú rẹ̀ fi kọ hàà, tó sì sáré wọ inú igbó. Ó jáde, ó tún sáré padà.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" ni ìyá béèrè.

"Kò sí nǹkan, Ìyá. Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn tó fi ewé há ọ léyín?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tọ́ ewé tàbí èso bọ̀tujẹ̀ wò láéláé. Ewúrẹ́ ti bá wa tọ́ ọ wò.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ìyẹn ni Oyèkànmi pàdé wọn, pẹ̀lú kèrègbè omi lọ́wọ́. Ó fún ìyá rẹ̀ lómi mu. Kò béèrè nǹkan kan nípa ẹ̀ka orí èjìká rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé e pọ̀n, òun àti ẹ̀ka rẹ̀.

Ní ibùgbé tuntun, Ìyá Àwẹ̀ró dúró títí ojú ọgbẹ́ náà fi gbẹ. Ó gbin ẹ̀ka náà sí etí ọgbà, ó kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà. Igi gbígbẹ lásán ni lójú àwọn ará àdúgbò.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ṣé igi ìdáná lẹ gbìn?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ó wá bẹ̀ mí."

Òjò dé. Ní òwúrọ̀ kan, ewé kékeré kan yọ lórí igi náà, ó tutù, ó pupa díẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún.

"Ọkọ mi, ṣé o jí dáadáa?"

Kò sí èsì. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ewé náà mì, ó tán. Ìyá dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó wá yé e pé ẹ̀ka ni òun gbé wá. Ohùn rẹ̀ ti kù sílé.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún kí i. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ìjókòó wá síbẹ̀ pẹ̀lú òwú rẹ̀. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbà ọmọge rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí igi yìí kò tíì gbọ́ ọ rí.

Àwọn tó fi í ṣẹ̀sín sì wá bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ẹni tí àdá bá ṣá á wá, ọmọ tí òkúta gé lẹ́sẹ̀ á wá. Ìyá á já ewé kan, omijé á kán, ẹ̀jẹ̀ á dá. Bí wọ́n bá ń lọ, á gé ẹ̀ka fún wọn: "Ẹ gbìn ín sí etí ọgbà, kó kọjú sí ọ̀nà." Ewúrẹ́ á kọjá lára gbogbo ọgbà wọ̀nyẹn, á wo apá ibòmíràn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni bọ̀tujẹ̀ ti ń hù láti ara ẹ̀ka tí a gé, tó sì ń sunkún nígbàkigbà tí a bá já a, nítorí ó ń rántí agbàlá Agbédò. Láti ọjọ́ náà sì ni omijé rẹ̀ ti ń dá ẹ̀jẹ̀ wa dúró.

Bí ẹ bá ń lọ nínú igbó, tí ẹ rí bọ̀tujẹ̀ tó tò lọ gbọọrọ níbi tí kò sí ilé kankan, ẹ dúró díẹ̀. Ẹnìkan ti gbé ibẹ̀ rí. Ẹ kí i. Ó ṣì ń wo ọ̀nà.